Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹ̀rọ Tó Ń Mú Tíì Gbígbóná Tutù Kíákíá

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo tú ẹ̀rọ yìí palẹ̀ kó tó ṣeé lò. Ohun tí mo fẹ́ kó máa ṣe kò pọ̀: kí n bu tíì tàbí kọfí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú rẹ̀, kí ìṣẹ́jú kan kọjá, kí n sì gbé e jáde ní tútù nini. Ìṣẹ́jú kan yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Mo kọ àwọn àṣìṣe náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò tí mi ò ṣe títí ó fi pẹ́ jù, kí ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé irú rẹ̀ má baà gba ibi tí mo gbà.

Peltier ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Pátákó pẹlẹbẹ kékeré kan ni. Tí a bá ti fún un ní iná, ojú kan á máa tutù, ojú kejì á máa gbóná. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni TEC1-12706: sẹ̀ǹtímítà 4 sí 4, fóòltì 12, iná tó ń fà kì í ju nǹkan bí ámpíà 6 lọ. Kì í pariwo, kò ní gáàsì, kò sì sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ife irin, mo gbé irin eléyín-eléyín tó ń tú ooru dànù sábẹ́ rẹ̀, mo wá fi fáànù fẹ́ irin náà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, tíì ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ti gbé ife mìíràn tí kò ní ẹ̀rọ kankan sórí tábìlì láti fi wé e, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò sì tó ohun tí èèyàn lè fi ètè mọ̀.

Ìṣirò tó yẹ kí n ṣe kí n tó ra ohunkóhun nìyí. Kí gíráàmù omi kan tó fi 1°C tutù, júùlù 4.18 (júùlù ni a fi ń wọn ooru) gbọ́dọ̀ jáde lára rẹ̀. Omi náà sì ni tíì, àfi àwọ̀ àti adùn tó wà nínú rẹ̀. Mílílítà 250 láti 90°C dé 5°C, ìyẹn 250 × 4.18 × 85, ó jẹ́ bíi júùlù 89,000. Tí gbogbo rẹ̀ bá ní láti jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, wáàtì 1,480 ni, ìyẹn júùlù 1,480 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kẹ́tùlù oníná ni, àfi pé a dorí rẹ̀ kodò. TEC1-12706 kan kò lè gbé ju bíi wáàtì 50 lọ, ìyẹn náà sì ni ìgbà tí ojú rẹ̀ méjèèjì bá gbóná dọ́gba. Bí ojú kan bá ṣe ń tutù ju ìkejì lọ ni agbára rẹ̀ ń wálẹ̀. Ká fi sí wáàtì 30: ìṣẹ́jú 49 fún ife kan.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ní ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, Peltier kò wúlò rárá. Ohun tó gbóná tó 90°C kò nílò ẹni tí yóò tì í. Ooru á fúnra rẹ̀ sá lọ síbi tó tutù, kí èèyàn ṣáà ti lànà fún un. Èmi wá fi pátákó dí ọ̀nà náà, mo tún ń sanwó iná lé e lórí.

Ẹ̀rọ fìríìjì kékeré ńkọ́? Tí ó bá ń gbé wáàtì 100 jáde, ìṣẹ́jú márùndínlógún ni ife kan. Èyí tó lè ṣe é ní ìṣẹ́jú kan á tóbi débi pé ilé ìdáná ò ní gbà á. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là: òtútù tí a fẹ́ ná ní ìṣẹ́jú kan, àná ló ti yẹ ká tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ibi tó sì rọrùn jù láti tọ́jú rẹ̀ sí ni yìnyín. Gíráàmù yìnyín kan ń gba júùlù 334 kó tó yọ́ tán, láìkúrò ní 0°C. Kílò kan jẹ́ júùlù 334,000. Kò tó ife mẹ́rin.

Ẹni tó bá ń rò pé kí òun kàn da yìnyín sínú tíì, ìṣirò náà rèé: ife mílílítà 250 tó wà ní 90°C á jẹ gíráàmù 250 yìnyín kó tó dé 5°C. Ìdajì ohun tí yóò mu á wá jẹ́ omi lásán. Ṣùgbọ́n tó bá fi ìdajì omi po tíì náà, kó le ní ìlọ́po méjì, tó wá da á sórí yìnyín tó wúwo tó o, ó ti bọ́ nìyẹn. Ká má parọ́, ẹni tí èyí bá tẹ́ lọ́rùn kò nílò ẹ̀rọ kankan. Àwọn tí tiwọn ní mílíìkì nínú, tàbí tó ti wà nínú ife kí wọ́n tó rántí pé tútù ni àwọn fẹ́, ni mo ń ṣe é fún.

Ẹ̀rọ kejì jẹ́ páìpù tí mo ká bí ejò sínú ọpọ́n omi yìnyín. A da tíì sí i lókè, ó ṣàn jáde nísàlẹ̀. Bàbà ni mo kọ́kọ́ mú, nítorí pé ó ń gbé ooru ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju irin tí kì í dípẹtà lọ. Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Ìkínní, ohun tó bá kan máa ń jẹ bàbà, kọfí sì ní kíkan nínú, ká má tíì wá sọ tíì tí a fún òrom̀bó wẹ́wẹ́ sí. Bàbà tó bá yọ́ sínú ohun mímu sì ń da inú rú. Ìkejì, ìlọ́po 25 yẹn kò já mọ́ nǹkan kan níbí. Ara irin tó nípọn tó ìdajì mílímítà kò dí ooru lọ́wọ́ tó ìdá kan nínú àádọ́ta gbogbo ohun tó ń dí i. Omi fúnra rẹ̀ ló ń dí i: ìpele fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, tí kò fẹ́ kúrò, àti irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Mo fi irin tí kì í dípẹtà rọ́pò bàbà. Tẹmọ́mítà kò mọ ìyàtọ̀.

Mítà mẹ́ta ni mo lò, ihò inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6. Tíì wọlé ní 90°C, ó jáde ní 33°C. Mo rò pé páìpù náà ti fẹ̀ jù, pé tó bá tín-ín-rín ooru á tètè jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá ń ṣàn wẹ́rẹ́ báyìí láìrú, tí iye tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú kan kò sì yí padà, mítà kan páìpù tín-ín-rín àti mítà kan páìpù fífẹ̀ ń tú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba sílẹ̀. Gígùn ló ń ṣiṣẹ́. Tín-ín-rín ní èrè mìíràn ṣá o, mo sì ṣalábàápàdé rẹ̀ nígbà tí mo fi páìpù náà gùn dé mítà mẹ́fà: mo da ife kan sí i, díẹ̀ ló jáde. Mítà mẹ́fà oníhò mílímítà 6 ń gba mílílítà 170 sínú ara rẹ̀. Páìpù ló ń mu tíì náà, kì í ṣe èmi. Pẹ̀lú ihò mílímítà 4, ó bọ́ sí 75. Ihò kékeré máa ń fa omi lẹ́sẹ̀, ní ìlọ́po márùn-ún nínú ọ̀ràn tiwa yìí, nítorí náà mo pín in sí méjì, mítà mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìfàsẹ́yìn sì wálẹ̀ sí ìdá mẹ́rin. Mo fi pọ́ǹpù kékeré ru omi yìnyín tó wà níta. Tíì jáde ní 6°C láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ó ti ṣeé ṣe nìyẹn. Ó ṣe ohun tí mo fẹ́ gan-an, síbẹ̀ mo jù ú nù.

Ìdí ni mílíìkì. Mo máa ń da omi gbígbóná sí i lẹ́yìn gbogbo ìlò, omi náà sì ń jáde ní mímọ́ gaara. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu páìpù kí ohun mímu tó jáde. Mo fi ayùn la páìpù náà nínú. Ohun funfun tó ti ń pọ́n bí ẹyin ti bo inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ń yọ̀ lọ́wọ́, ó sì nípọn jù níbi tí páìpù ti yí. Búrọ́ṣì kankan kò lè gba ihò mílímítà 4 tó ká bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń ta ohun mímu lè lo páìpù, nítorí pé ètò wà nínú wọn tó ń yí oògùn ìfọpáìpù gba inú wọn, ẹnìkan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí sí i. Nínú ilé, èèyàn á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì gbàgbé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìbéèrè kan ṣáájú kí n tó ṣírò ohunkóhun: ṣé ọwọ́ àti kàn-ìn-kàn-ìn lè dé gbogbo ibi tí ohun mímu fara kàn?

Mo tún gbìyànjú láti fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò lórí ohun mímu náà. Omi tí afẹ́fẹ́ kò tẹ̀ mọ́lẹ̀ a máa hó láìgbóná púpọ̀: ní 60°C, ìdá kan nínú márùn-ún agbára afẹ́fẹ́ ayé ni ó nílò, ní 5°C, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó ṣe ń hó ló ń tutù. Ṣùgbọ́n láti 90°C dé 5°C, bíi gíráàmù 35 nínú 250 á ti bá oru lọ, òórùn dídùn kọfí á sì tẹ̀lé e. Èyí tó ní mílíìkì hó sókè bí ọṣẹ, ó sì wọnú pọ́ǹpù. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èyí tó wá dúró ni ife tó ń yí nínú omi yìnyín. Ife irin fẹ́lẹ́, fífẹ̀ rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7, ó jókòó sínú ọpọ́n, íńjìnnì kékeré onífóòltì 12 ń yí i láti òkè. Mo yí i ní ìgbà 300 ní ìṣẹ́jú kan, mo ní bó bá ṣe yára tó ni yóò ṣe tètè tutù. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, tíì gun ara ife: ní ìyára yẹn, ẹ̀gbẹ́ á fi sẹ̀ǹtímítà 6 ga ju àárín lọ, tíì sì dà kúrò lẹ́nu ife. Ní ìgbà 120, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni. Mo dín in kù sí 120.

Èkejì ṣòro rí. Ife ń yí, tíì sì ń tutù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo kán mílíìkì ẹ̀kán kan sí i láti wo bó ṣe ń pò. Kò pò. Ẹ̀kán náà dúró gbáko lójú kan, ó ń bá ife yí, bí àmì tí wọ́n kùn sára rẹ̀. Láìpẹ́, gbogbo tíì ti ń bá ife yí ní ìyára kan náà, kò sì sí ohun tó ń gbé ti àárín wá sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ pé ife dúró tí èèyàn sì fi ṣíbí rò ó ni, ì bá sàn jù. Mo kọ́kọ́ ní kí íńjìnnì máa yí padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n eyín íńjìnnì kò pẹ́ tó fi jẹ. Oògùn rẹ̀ kò ju orógùn lọ: pẹlẹbẹ sílíkónì kan tó rọ̀ wálẹ̀ láti ara ìdérí, tí kì í yí. Ife ń yí, orógùn dúró. Mo tún kán mílíìkì sí i, kí n tó ṣẹ́jú ó ti pò tán.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní iye tí mo lè gbára lé. Pẹ̀lú mílílítà 250, ní ìṣẹ́jú-àáyá 58-58, ìyàtọ̀ tó wà láàárín tíì àti omi yìnyín ń dín kù sí bíi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 90°C dé 60°C, níbi tó ti ṣeé mu díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 24 ni. Dé 5°C, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo fi ìṣẹ́jú kan tí mo ń lépa sílẹ̀, ó sì yẹ kí n ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, nítorí pé ìwọ̀n díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ló ń jẹ àkókò jù: láti 10°C dé 5°C nìkan, ìṣẹ́jú-àáyá 40.

Ọpọ́n yìnyín náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Yìnyín nìkan láìsí omi kò dára, nítorí pé orí ṣóńṣó ni ó fi ń kan ife, afẹ́fẹ́ ló wà láàárín. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bù sí i títí yóò fi bo yìnyín. Tí omi náà bá sì dúró jẹ́ẹ́, 0°C kọ́ ni yóò wà nísàlẹ̀. Ní 4°C ni omi wúwo jù, nítorí náà omi 4°C á rì sí ìdí ọpọ́n, yìnyín á léfòó sókè, ìdí ife á wá jókòó sínú èyí tó gbóná jù. Mo jó etí irin mẹ́rin mọ́ ara ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta kó máa ru omi bó ṣe ń yí. Lọ́jọ́ kìíní, yìnyín kan há sáàárín etí náà àti ọpọ́n, íńjìnnì sì dúró gbọingbọin, ó ń gbóná. Asẹ́ irin ló ń ya yìnyín sọ́tọ̀ báyìí.

Iyọ̀ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ni yóò bi yín. Lóòótọ́, iyọ̀ lè gbé omi yìnyín lọ sí nǹkan bí -21°C. Mo gbé e dé -12°C. Tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ ara ife, orógùn ń ha á, dídì náà sì wá di aṣọ òtútù tó ń dá ooru dúró sínú. Omi yìnyín lásán kò lè mú tíì kọjá 0°C láé, kódà bí èèyàn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò lè rí ẹ̀rọ ìṣàkóso tó dára jùyẹn lọ.

Mo fi ọpọ́n kejì kún un, lítà méjì omi ẹ̀rọ lásán. Tíì á kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ láti 90°C dé 40°C, kó tó bọ́ sínú yìnyín. Ó ń fi bíi ìṣẹ́jú-àáyá 50 kún àkókò, ṣùgbọ́n ife kan kò wá jẹ ju gíráàmù 110 yìnyín lọ dípò 266, nítorí náà kílò kan ń tó ife mẹ́sàn-án. Ẹni tó kàn fẹ́ kí tíì rẹ̀ ṣeé mu kò tilẹ̀ nílò yìnyín: ọpọ́n omi lásán á gbé e dé 60°C ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá 40.

Gíláàsì lásán, ẹ má ṣe fi sínú rẹ̀. Tèmi là yíká ìdí bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ike polypropylene fara da omi híhó dáadáa, ṣùgbọ́n ní àyíká 0°C ó máa ń gan, tó bá já bọ́ á fọ́.

Ìdérí fi ojú mi rí nǹkan. Mo dé e pa pinpin. Bí ife ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí, oru kún inú rẹ̀, ìdérí fò sókè. Mo wá fi ìkọ́ de e mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, oru ti di omi, afẹ́fẹ́ inú ti sún kì, ìdérí ti wọlé sínú, gbogbo agbára ọwọ́ mi kò sì ṣí i. Ihò mílímítà 2 kan ló yanjú méjèèjì.

Sẹ́ńsọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ń ka ooru tíì wà nínú ọ̀pá irin tó nípọn, ó sì ń fi bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ rìn lẹ́yìn òótọ́. Mo ní kó dáwọ́ dúró ní 60°C. Nígbà tó fi ka 60, tíì ti dé 52. Èyí tí mo ń lò báyìí jẹ́ thermistor kékeré tí orí rẹ̀ kò ju mílímítà 3 lọ, a fi sílíkónì bò ó sínú orógùn, nítorí pé orógùn kì í yí, wáyà rẹ̀ kò sì ní lọ́ mọ́ra. Àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ooru láti òkèèrè kò wúlò fún èyí: oru ni wọ́n ń rí.

Ó ku ìrì. Ohunkóhun tó bá wà ní 0°C nínú afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin á máa làágùn, omi náà sì ń rin orí wáyà lọ bí ẹni tó mọ ọ̀nà. Bọ́ọ̀dù kan ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí kí n tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ sọ̀ sísàlẹ̀ ju ẹnu ibi tó ń wọ̀ lọ, kó tó gòkè padà wọlé. Omi á kán sílẹ̀ níbi tó sọ̀ yẹn. Èyí tó ń gba iná ilé, ẹ fi í sẹ́yìn odi, kó jìnnà sí ọpọ́n. Fóòltì 12 nìkan ni kó wá síbi omi. Orógùn àti ìdérí, mo ti fi ìdè so wọ́n pọ̀ rí, mílíìkì sì ń sápamọ́ sábẹ́ orí ìdè náà. Wọ́n ti di ẹyọ kan ṣoṣo báyìí, sílíkónì látòkè délẹ̀, wáyà sẹ́ńsọ̀ ń yọ kúrò lókè, a sì lè jù wọ́n sínú omi ọṣẹ gbígbóná pẹ̀lú àwọn ife yòókù.